Tírélà Tó Sinmi Látìgbà Òjò: Ẹ Má Tíì Di Ẹrù Sí I

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìjẹ̀gùn, Ìkòtún, Ìgàndó àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ti ń gbẹ, ọ̀nà oko tó di ẹrẹ̀ láti oṣù kẹfà ti ń ṣe é gbà báyìí. Àsìkò yìí gan-an ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa ń rántí tírélà tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilé alága. Wọ́n á ro koríko kúrò lára ẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, wọ́n á so ó mọ́ katakata tàbí píkọ́ọ̀pù, ó di oko. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n á di ẹrù kún un dẹ́nu.

Èrò tiwa rèé, láì fepo bọyọ̀: tírélà tó ti sinmi léwu ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ. Kí ẹgbẹ́ kankan má di ẹrù sí i àfi bí wọ́n bá ti ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kí ẹnì kan sì wà, tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ orúkọ ẹ̀, tó máa jẹ́ òun ló ń bójú tó o.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ò jìnnà. Ilẹ̀ oko ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Ìjẹ̀gùn mọ́, ilé ti gbà á tán. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí àbàtà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ pé ibí lẹ ń sùn, oko yín wà lọ́nà Àtàn tàbí Ìgbẹsà. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá hú níbẹ̀ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú ẹ̀ á ti máa dúdú, àwọn tó ń yan gààrí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó mọ́ yín lọ́wọ́. Bí wíìlì bá yọ lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ Jímọ̀, tẹ́ ẹ ò rí mọ́kálíìkì tó máa wọ inú igbó títí di ọjọ́ Ajé, tírélà nìkan kọ́ lẹ pàdánù, iṣẹ́ ọdún kan ló ń jẹrà lójú yín yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Bí ẹrù bá kún tán, gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ á tún gun orí ẹ̀, ìyá tó ń lọ sọ́jà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ọmọ á wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí táyà bá bẹ́ tàbí tí tírélà já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn yẹn ló kọ́kọ́ máa ṣubú.

Kí ló dé tí ìsinmi fi ń ba tírélà jẹ́?

Bí tírélà bá ń yí, gíríìsì inú bíárìn náà ń yí, ó ń bo gbogbo irin inú ibẹ̀. Tó bá dúró sójú kan fún oṣù mẹ́rin, gíríìsì á sàn wá sísàlẹ̀, apá òkè á gbẹ, omi á ráyè.

Báwo lomi ṣe ń débẹ̀? Ẹ rántí ọjọ́ tí tírélà ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nígbà òjò. Ó ń bọ̀ látoko, àárín wíìlì ti gbóná, ó wá kó sínú àgbàrá. Bí irin gbígbóná bá bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á sún kì lójijì, á sì fa omi àti iyanrìn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà tó yẹ kó dí i. Omi yẹn ò ní jáde mọ́. Ibẹ̀ ló máa wà, tí á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ẹ wò ó láti ìta, wíìlì dára. Ẹ tú u, ó ti dógùn-ún.

Táyà náà ń jìyà. Ojú kan náà ló fi ń gbé gbogbo ìwúwo tírélà láti oṣù kẹfà, oòrùn ń pa á lápá kan, omi ń rẹ ẹ́ lápá kejì. Ẹ tún wo ohun tí tírélà fi ń ṣiṣẹ́: ẹ fi kó ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ fi kó ajílẹ̀ òyìnbó, ẹ ò fọ̀ ọ́. Ohun méjèèjì yìí ló ń jẹ irin, àgàgà tí ìrì àti òjò bá ń bá a pàdé lójoojúmọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, bíi Kánádà, Jámánì àti apá òkè Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ní tírélà tí wọ́n ń fà wọ inú igbó lọ sùn fún fàájì. Tí òtútù bá dé, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Tí òtútù bá lọ, wọn ò ní so ó mọ́ ọkọ̀ kíá kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á gbé wíìlì sókè, wọ́n á tú bíárìn, wọ́n á fi gíríìsì tuntun sí i, wọ́n á yẹ táyà, iná àti ìdè wò. Fàájì lásán làwọn yẹn fẹ́ fi ṣe o. Àwa tó jẹ́ pé oúnjẹ la fẹ́ fi kó, tèèyàn tún ń gun orí ẹ̀, ó yẹ ká ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù tiwọn, òjò tiwa. Irin ò mọ ìyàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Oṣù mẹ́rin lábẹ́ koríko, tírélà ti di ilé fún agbọ́n, àkekèé, eku, bóyá ejò náà. Ẹ fi igi gígùn gbá a nídìí, ẹ yí i ká. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ gbogbo ara ẹ̀, àní ìdí ẹ̀ lábẹ́. Irin tí ẹrẹ̀ bò, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó ti là.

2. Táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí i tó ń là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tó gbẹ, ó ti tán nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ojú ẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ọ̀rọ̀ DOT lára ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n kọ 2319 sí, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, máa ń kìlọ̀ pé táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ká má fi rìn mọ́.

A mọ̀ pé táyà tuntun wọ́n. Michelin ti pa ilé iṣẹ́ táyà wọn ní Port Harcourt dé lọ́dún 2007, Dunlop ní Ìkẹjà náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn, ló bá di pé òkè òkun la ti ń kó táyà wọlé. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ fi pọ̀ lọ́jà. Bí tòkunbọ̀ lẹ bá máa rà, ẹ ka nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń tà á lè fi nǹkan dúdú pa á kó máa dán.

Kò sì sí ẹni tí táyà ò lè ṣe. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kú lọ́nà Kàdúná sí Àbújá, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Táyà tó bẹ́ ni wọ́n sọ pé ó fa ìjàǹbá náà. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mínísítà lórí títì ọlọ́dà, ẹ wo ti tírélà tó kó ogún àpò lójú ọ̀nà oníkòtò.

Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fi géèjì wọn atẹ́gùn nígbà tí táyà ṣì tutù, kó tó rìn rárá. Kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gbá táyà kẹ́ ẹ ní “ó le”, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n. Kí ti ọ̀tún àti ti òsì sì dọ́gba.

3. Bíárìn. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù rèé, òun sì lẹ ò kì í ṣe. Ẹ fi òkúta dí wíìlì kan kó má baà yí, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé èkejì kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé irin tàbí igi tó lágbára sábẹ́ tírélà, ẹ má gbára lé jáàkì nìkan. Ẹ wá fọwọ́ yí wíìlì. Tó bá ń yí jẹ́jẹ́ láìpariwo, ó dáa. Tó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, bíárìn ti bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì ín síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, ẹ pe mọ́kálíìkì.

Tí ohun gbogbo bá tiẹ̀ dára lójú, ẹ ṣì tú u. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá kó tuntun sínú ẹ̀ títí á fi wọ àárín àwọn irin róbótó. Gíríìsì tó ti funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má da tuntun lé e lórí. Rọ́bà tó ń dí omi, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kì í wọ́n.

4. Ìdè tírélà mọ́ ọkọ̀. Ibí yìí la ti ń rí ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù. Píìnì tírélà sọnù, wọ́n bá gé irin tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ilé, wọ́n kì í bọ ojú ihò, ọ̀rọ̀ parí. Irin yẹn tín-ín-rín ju ihò lọ, ó máa ń fò sókè nínú kòtò, kò sì sí ohun tó dè é nísàlẹ̀. Píìnì gbọ́dọ̀ kún ojú ihò ẹ̀, kó sì ní irin kékeré tó máa dí i kó má yọ. Kí ṣéènì méjì tún wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn tírélà, kó jẹ́ pé bí píìnì bá já, ọrùn ò ní gún ilẹ̀, tírélà ò sì ní yà kúrò lọ́nà lọ pa ará ọ̀nà.

5. Ara irin àti pákó. Ẹ fi òòlù kékeré kan irin yíká. Irin tó dára á dún gbọnrangandan. Irin tí ìdógùn-ún ti jẹ nínú á dún bọ̀lọ̀, bí ẹni lu páálí. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ọrùn tírélà ti pàdé ara ẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ọ̀dà lé irin tó dógùn-ún lórí nítorí kó lè rẹwà. Ẹ há a kúrò, kí wẹ́dà rí i, kẹ́ ẹ tó kun ún. Pákó ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Tí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti ṣe tiẹ̀.

6. Iná ẹ̀yìn. Eku fẹ́ràn wáyà. Kí rẹ́wáyà wò ó. Tírélà tí kò níná rárá, ẹ lẹ bébà pupa tó máa ń tàn yòò nígbà tí iná ọkọ̀ bá kàn án mọ́ igun ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì. Lọ́nà Àtàn tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń sáré, tírélà oko tí kò hàn ní ìrọ̀lẹ́ dà bí ògiri tí wọ́n mọ sáàárín títì.

7. Ìrìn àkọ́kọ́, kó jẹ́ òfìfo. Ẹ fà á lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ rọra na ọwọ́ sún mọ́ àárín wíìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbóná ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ gan-an, ó ń ké pè yín nìyẹn. Ẹ fi sípánà tún gbogbo nọ́ọ̀tì wíìlì fún mọ́, ẹ máa gbà á ní ìdojúkojú: lókè, lẹ́yìn náà nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà lósì. Tó bá ti gbé ẹrù dé nígbà àkọ́kọ́, ẹ tún un fún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù, kí ìwúwo pọ̀ díẹ̀ síwájú ju ẹ̀yìn lọ. Tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹ̀yìn ẹ̀ wúwo jù á máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè, á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ rántí pé ogún àpò, tí ọ̀kan jẹ́ kílò 50, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tírélà oko ò sì ní bíréèkì tara ẹ̀, ọkọ̀ tó ń fà á ló máa dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ẹ rọra sáré, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí ẹrù.

Ta ló ni tírélà?

Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó le níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ púpọ̀ kì í ṣe é? Lójú tiwa, àìmọ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan ni. Ọ̀kadà tí ẹnì kan fi owó ara ẹ̀ rà, ẹ wò ó láàárọ̀, á ti nù ún, á ti wo ọ́ìlì. Tírélà ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn ló ń lò ó, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn á ní “ẹni tó kàn á fọ̀ ọ́”. Ẹni tó kàn á ní “bí mo ṣe bá a nìyẹn”.

Ẹ yan ẹnì kan. Kó má jẹ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí wọn ò ní pàdé. Kí ẹni náà ní ìwé kékeré tó ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí wọ́n fi gíríìsì sí i, ọjọ́ tí wọ́n ra táyà, ẹni tó lò ó, ohun tó bàjẹ́. Kó lágbára láti sọ fún alága pàápàá pé, “Ẹ má bínú o Bàbá, tírélà ò jáde lónìí.” Bí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún alága, kò tíì di alábòójútó.

Àwọn kan á ní, “Owó dà?” Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní gbogbo àpò tó bá gun tírélà ń san ₦100 sínú àpò ìtọ́jú. Ogún àpò nírìn kan, ₦2,000 nìyẹn. Ìrìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ₦30,000. Owó yẹn ò ní ra tírélà o, àmọ́ á ra gíríìsì, rọ́bà, píìnì àti iṣẹ́ ọwọ́ mọ́kálíìkì, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní máa sá fún alága lọ́jọ́ ìdáwó. Owó tẹ́ ẹ bá kó jọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹrù ń wọlé kì í dunni bí èyí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn mìíràn á ní, “Mọ́kálíìkì kún Ìkòtún, tó bá bàjẹ́ a ó tún un ṣe.” Òótọ́ ni, wọ́n kún Ìkòtún. Ṣé wọ́n wà nínú igbó Ìgbẹsà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́? Ìlẹ̀kẹ̀ má jàá sílé, má jàá síta, ibì kan ni yóò já sí. Ó sàn kẹ́ ẹ já a fúnra yín nílé, níbi tí sípánà wà.

Àwọn kan tún máa ń sọ fún wa pé kí ìjọba fún wọn ní tuntun. Kò burú, ẹ béèrè. Ìjọba ní ojúṣe tiẹ̀ lórí katakata àti lórí ọ̀nà oko, a ò sì ní kẹ́ ẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dógùn-ún lẹ́yìn ilé alága yẹn náà, tuntun ló jẹ́ lọ́jọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá gba òmíì láìyí ọwọ́ padà, lẹ́yìn òjò mélòó kan, ẹ máa ní méjì tó dógùn-ún.

Ká tó gbé e sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀

Èyí tó máa mú iṣẹ́ ìyẹ̀wò rọrùn ni bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e pamọ́. Kí òjò ńlá tó dé, ẹ fọ̀ ọ́, pàápàá tó bá ti kó ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ fi gíríìsì tuntun sí bíárìn nígbà náà, kó má jẹ́ pé èyí tí omi ti bà jẹ́ lẹ máa fi tọ́jú ẹ̀. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tó lágbára kí táyà kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo táyà kí oòrùn má pa á. Kí ọrùn ẹ̀ ga díẹ̀ ju ìdí lọ, kí omi lè máa sàn dànù lórí pákó. Bẹ́ ẹ bá fi tàpólì bò ó, ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, torí ooru tó bá há sábẹ́ tàpólì á di omi lára irin. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí alábòójútó fọwọ́ yí wíìlì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí gíríìsì lè tún bo irin inú ẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ tírélà ṣe àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ mú ọjọ́ ìyẹ̀wò, ẹ dárúkọ alábòójútó, ẹ fẹnu kò lórí iye tí àpò kan máa san. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ máa ń gun orí ẹrù lọ sọ́jà, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù yín sí i: “Ìgbà wo lẹ tú bíárìn ẹ̀ kẹ́yìn?” Bí ẹnikẹ́ni ò bá lè dáhùn, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn.

Irè oko á délé o, àwọn tó ń gbé e bọ̀ náà á délé.